Mo fi òǹkà inú processor wọn mẹ́mọ́rì: ibi tí thread mẹ́rin mi ti há

Ètò kékeré kan tí mo fi èdè C kọ ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ń mú àwòrán ńlá méjì, ó ń pò wọ́n pọ̀ sínú ẹ̀kẹta. Array (nọ́ńbà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ sínú mẹ́mọ́rì) mẹ́ta ni, 256 MiB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètò náà sì ń tún iṣẹ́ yẹn ṣe nígbà 200. Ọkàn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

for (i = 0; i < n; i++) c[i] = a[i] * k + b[i];

Nígbà tí mo fi thread kan (ìpín iṣẹ́ kan tó lè máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn) ṣe é, ó gba ìṣẹ́jú-àáyá 16.5. Mo pín in fún thread méjì, ó di 14.9. Mo pín in fún mẹ́rin, ó di 14.7. Core mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́rin tó ń ṣe ìṣirò, ni processor mi ní, ohun tí mo sì ń retí ni pé yóò já wálẹ̀ sí bíi 4 tàbí 5. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin wọ oko, iṣẹ́ ẹnì kan ni wọ́n ṣe.

Ohun èlò tí mo lò rèé. Kọ̀ǹpútà: Intel Core i5-6500, core mẹ́rin, cache L3 rẹ̀ (mẹ́mọ́rì kékeré tó yára nínú processor) jẹ́ 6 MB. RAM: DDR4-2133 méjì, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Linux ló wà lórí rẹ̀. Irinṣẹ́: perf, gcc (compiler tó ń sọ èdè C di èdè processor), objdump (tó ń fi ohun tí gcc kọ hàn), msr-tools, dmidecode (tó ń sọ RAM tó wà nínú slot kọ̀ọ̀kan), àti ìwé àjákọ kan tí mo ń kọ nọ́ńbà sí. Mi ò ná owó rárá. Alẹ́ mẹ́fà ló gbà mí, mo sì fi méjì nínú wọn ṣòfò pátápátá.

0. Ìṣirò tó ṣì mí lọ́nà

DDR4-2133 máa ń gbé dátà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2133 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì 8 sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 17.07 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún channel kan, ìyẹn ọ̀nà kan tí dátà ń gbà láàárín processor àti RAM. Channel méjì ni processor yìí ní, nítorí náà òkè ilé rẹ̀, ìyẹn ibi tí kò lè kọjá, jẹ́ 34.1 GB. Intel fúnra wọn kọ 34.1 sínú ìwé processor náà.

Mo wá ṣírò ohun tí ètò mi ń kó. Ó ń ka array méjì, ó ń kọ ọ̀kan: 768 MiB ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà 200 jẹ́ 153,600 MiB, ìyẹn 161 GB. Ẹ pín in sí 14.7, yóò fún yín ní bíi 11 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

11 nínú 34. Mo ní mẹ́mọ́rì kò tíì ṣe ìdá mẹ́ta iṣẹ́ tó lè ṣe, kò lè jẹ́ òun. Mo bá kọjú sí bí mo ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn thread, mo tú u palẹ̀, mo tún un kọ lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Alẹ́ méjì gbáko. 14.7 kò yẹsẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo gba ohun tí ètò náà sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: mi ò tíì béèrè lọ́wọ́ mẹ́mọ́rì.

1. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́: mo ka cache miss, irọ́ ni ó pa fún mi

Inú processor ni àwọn òǹkà kan wà tó ń ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, irinṣẹ́ perf ló sì ń bá wa kà wọ́n jáde. Èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń mú ni LLC-load-misses, ìyẹn iye ìgbà tí ètò béèrè dátà tí kò bá a nínú cache tó kẹ́yìn. Èrò mi ni pé ìlà cache kan jẹ́ báìtì 64, kí n kàn fi 64 sọ iye náà di púpọ̀. Mo fi thread kan dán an wò:

perf stat -e LLC-load-misses ./po_aworan 1

Ó fún mi ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 390. Mo fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 25 GB. Mo pín in sí 16.5: 1.5 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ibí yìí ni mo ti fura. Array méjì tí ètò náà ń kà nìkan, tí a bá pín in sí ìlà báìtì 64, ó ju bílíọ̀nù 1.67 lọ fún ìgbà 200. Cache 6 MB kò lè gba array 256 MiB mọ́ra kankan. Níbo ni ìlà tó ju bílíọ̀nù kan lọ gbà wọlé tí òǹkà kò rí i?

Prefetcher ni. Ẹ̀yà kan wà nínú processor tó máa ń wo bí ètò ṣe ń rìn, tó bá ti rí i pé ó ń tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, á sáré ṣáájú lọ kó dátà tó kàn wá kí ètò tó béèrè. Nígbà tí ètò bá dé, dátà ti wà nílẹ̀, òǹkà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò náà rí ohun tó ń wá. Òótọ́ ni òǹkà ń sọ nípa core, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo béèrè. Ohun tó gba ojú ọ̀nà mẹ́mọ́rì kọjá ni mò ń wá, ẹni yòówù kó rán an níṣẹ́.

Kí n má baà fi èrò lásán ṣe é, mo pa àwọn prefetcher mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí irú processor yìí, MSR 0x1A4, ibi kékeré kan nínú processor tí a ń kọ nọ́ńbà ìṣàkóso sí, ló ń ṣàkóso wọn:

sudo modprobe msr
sudo rdmsr -a 0x1a4
sudo wrmsr -a 0x1a4 0xf

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe rdmsr kí ẹ sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà. Òdo ni tèmi. Mo tún ètò náà ṣe: misses fò sókè dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.66, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìṣirò mi mu géérégé, àkókò sì di 24.2. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mo dá 0x0 padà, mo sì fi cache miss sílẹ̀.

2. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà

Láàárín processor àti RAM ni alákòóso mẹ́mọ́rì wà, inú processor kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara core kankan. Gbogbo ohun tó bá wọlé tàbí jáde lọ́dọ̀ RAM gbọ́dọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ì báà ṣe prefetcher ló rán an, ì báà ṣe ètò. Òun náà ní òǹkà tirẹ̀. Linux ń pè é ní uncore_imc.

perf list | grep -i imc

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó jáde pẹ̀lú data_reads àti data_writes. Mo sáré fi wọ́n sínú àṣẹ tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, ó dáhùn pé `<not supported>`. Ó dá mi dúró fún bíi wákàtí kan kó tó yé mi: òǹkà yìí kò mọ ètò ta ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "ti ètò mi" lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń kà pọ̀. Nítorí náà `-a` ṣe pàtàkì. Mo fi `-a` sí i, ó ní mi ò ní àṣẹ. Sudo ló yanjú ìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa lo sudo lè dín kernel.perf_event_paranoid kù sí 0. Bó ṣe dúró nígbẹ̀yìn nìyí:

sudo perf stat -a -e uncore_imc/data_reads/,uncore_imc/data_writes/ ./po_aworan 4

Ìṣírò ìlà 64 báìtì kò kàn yín mọ́ níbí. Perf fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di MiB.

Ọ̀rọ̀ MiB yìí gba alẹ́ kan lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. MiB kan jẹ́ báìtì 1,048,576. MB kan jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá rí 14,008 MiB tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 14.0 GB, ó ti sọ nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá dátà tó sọnù, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti jábọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń sọ gbogbo nǹkan di báìtì kí n tó fi wọ́n wé ara wọn.

3. Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí kò ṣe nǹkan kan?

Níwọ̀n bí òǹkà ti ń ka ti gbogbo ilé, ó yẹ kí n mọ ariwo ilé kí n tó wọn ètò mi. Mo ti gbogbo ètò pa, mo ní kó ka ìṣẹ́jú-àáyá 10 lásán:

sudo perf stat -a -e uncore_imc/data_reads/,uncore_imc/data_writes/ sleep 10

Ó kà 5,310 MiB, ó kọ 240. Ó ya mí lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà tó jókòó jẹ́ẹ́, tí mi ò tẹ bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀, ta ló ń ka 531 MiB ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan?

Mo wo ojú ẹ̀rọ náà títí. Àfi bó ṣe sọ sí mi lọ́kàn: ojú tí mò ń wò yìí gan-an ni. Kọ̀ǹpútà mi kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú RAM kan náà ni àwòrán ojú ẹ̀rọ wà. Ojú náà ní àmì 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró, àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4, ó sì ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: báìtì 497,664,000, ìyẹn bíi 475 MiB. Bí nǹkan kan kò tiẹ̀ yí padà lójú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ kà á lọ́dọ̀ RAM lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo bọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, láti ibẹ̀ ni mo ti wọ inú tèmi pẹ̀lú ssh, mo pa ojú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú `xset dpms force off`, mo tún un kà. Ó kà 410 MiB, ó kọ 150, fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 gbáko. Ìyàtọ̀ kíkà jẹ́ 4,900 MiB, ìyẹn 490 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣirò sì ní 475. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn lọ́jọ́ náà. Nǹkan tí mo ń fi ojú lásán wò lójoojúmọ́, mo rí i lórí òǹkà bí omi tó ń ṣàn.

Gbogbo ìwọ̀n tó kù ni mo ṣe láti ọ̀nà jíjìn, ojú ẹ̀rọ ní pípa.

4. Dán òǹwọ̀n wò kí o tó gbà á gbọ́

Mo kọ ètò mìíràn tí mo mọ iye tó yẹ kó kà: array 1 GiB, nọ́ńbà oní-báìtì 8 ló kún inú rẹ̀, ó ń ṣàròpọ̀ wọn nígbà 20. Òǹkà gbọ́dọ̀ sọ 20,480 MiB.

Ìgbà àkọ́kọ́, ètò náà parí kí n tó mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Mi ò lo àròpọ̀ náà fún ohunkóhun, compiler sì rí i pé iṣẹ́ òfo ni, ó pa á rẹ́. Mo ní kó tẹ àròpọ̀ náà jáde.

Ìgbà kejì, ètò náà sọ pé òun kà á ní 41 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òkè ilé jẹ́ 34.1! Mo wo òǹkà, díẹ̀ bíńtín ló kà. Ìdí ni pé array tí mo gbà pẹ̀lú malloc, àṣẹ tí a fi ń béèrè ààyè mẹ́mọ́rì, tí mi ò tíì kọ nǹkan kan sí, kò tíì ní ààyè nínú RAM. Tí ètò bá kà á, kernel, ọkàn Linux, á fi ojú-ìwé (ègé mẹ́mọ́rì) kan ṣoṣo tí òdo kún inú rẹ̀ hàn án ní gbogbo ibi tó bá wò. GiB kan lórúkọ, ojú-ìwé kan náà ni mò ń kà lákàtúnkà, inú cache ló sì wà.

Mo ní ó dáa, mo fi memset kọ òdo sí gbogbo rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀! Mo lo objdump láti wo ohun tí gcc ṣe: ó ti so malloc àti memset òdo pọ̀, ó sọ wọ́n di calloc, calloc sì mọ̀ pé òdo ni ojú-ìwé tuntun ní tẹ́lẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo fi 1 dípò òdo ni ọ̀ràn tó tán.

Kíkún array náà tún máa ń lo mẹ́mọ́rì, ó ń da ìwọ̀n rú. Ọ̀nà tí mo gbà yọ ọ́ kúrò nìyí: mo ṣe ètò náà pẹ̀lú ìgbà 20, mo tún ṣe é pẹ̀lú ìgbà 40, mo yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Ohun tó bá kù jẹ́ ti ìgbà 20 nìkan. Ó kù 20,530 MiB. Mo ń retí 20,480. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì gba òǹkà náà gbọ́ pátápátá.

5. Dídà dátà kọ, àti ibi tí ojú mi ti là

Ó ku kí n dán kíkọ wò. Mo kọ `c[i] = a[i]`, array 1 GiB méjì. Kíkà ọ̀kan, kíkọ ọ̀kan, òǹkà sì sọ bẹ́ẹ̀: iye kan náà ní ọ̀tún àti òsì. Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n mo ti ka ohun kan rí tí kò bá èyí mu: tí core bá fẹ́ kọ sí ìlà cache kan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kà á wá láti RAM, kó kọ tirẹ̀ lé e, kó tó dá a padà. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, kíkà yẹ kó jẹ́ ìlọ́po méjì kíkọ. Èwo ni òótọ́?

Mo tún ké sí objdump. Loop mi kò sí níbẹ̀ mọ́. gcc ti sọ ọ́ di ìpè kan sí memcpy, àṣẹ tó ń da dátà kọ, memcpy ti glibc (àkójọ àṣẹ C lórí Linux) sì máa ń lo ọ̀nà àbùjá fún dátà tó bá tóbi ju cache lọ: ó ń kọ ọ́ tààrà sí RAM, kò kà á wá ṣáájú. Mo fi `-fno-tree-loop-distribute-patterns` sí i kí gcc fi loop mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kíkà di ìlọ́po méjì kíkọ lójú ẹsẹ̀.

Mo jókòó. Mo rántí ètò àwòrán mi.

Ẹni tó bá mọ STREAM, ìdánwò mẹ́mọ́rì tí John McCalpin ṣe, yóò ti mọ̀ pé báìtì tí ètò náà kọ àti èyí tó kà ní tààrà nìkan ló ń kà. Kíkà àìmọ̀ọ́mọ̀ tó ń ṣáájú kíkọ kò sí nínú rẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ìpele 0.

6. Ìwọ̀n gan-an

Ètò àwòrán, thread mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá 14.7:

data_reads: 154,390 MiB
data_writes: 51,530 MiB

Array méjì nígbà 200 yẹ kó jẹ́ 102,400 MiB ní kíkà. Ohun tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ bíi 51,990, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá kíkọ dọ́gba. Òun náà nìyẹn: array `c` tí mi ò ní kó kà, ó ń kà á wá ní gbogbo ìgbà kó tó kọ ọ́.

Àpapọ̀ jẹ́ 205,920 MiB. Ẹ sọ ọ́ di báìtì, ẹ pín in sí 14.7: 14.7 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe 11 rárá.

Mo wá wo 14.7 yẹn dáadáa. Nínú 34.1, kò tíì dé ìdajì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí thread méjì, mẹ́ta, mẹ́rin fi ń dúró sójú kan náà, bí ẹni tí orí rẹ̀ kan àjà? Mo fi 17.07 ti channel kan pín in: ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́mọ́rì kì í fún ènìyàn ní ọgọ́rùn-ún pé, ó máa ń ní àkókò tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, àti èyí tó fi ń yí láti kíkà sí kíkọ. Ìdá 86 jẹ́ mẹ́mọ́rì tó kún dẹ́nu. Channel kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.

sudo dmidecode -t memory | grep -E "Locator|Size"

ChannelA-DIMM0, 8 GB. ChannelA-DIMM1, 8 GB. ChannelB, òfìfo, òfìfo.

Èmi fúnra mi ni mo to kọ̀ǹpútà yẹn. Mo fi RAM méjèèjì sínú slot méjì tó fara kan ara wọn, mi ò ka ìwé motherboard. 16 GB hàn pé pérépéré, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀.

7. Àtúnṣe àkọ́kọ́: kí a má ka `c` mọ́

Mo kọ́kọ́ tún ètò náà ṣe kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, kí n lè mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá padà. Mo fi `_mm256_stream_ps`, àṣẹ tó ń kọ dátà tààrà sí RAM, kọ `c`, mo sì fi `_mm_sfence` sí ìparí. Ó kú lójú ẹsẹ̀, segmentation fault. Àṣẹ yìí fẹ́ kí àdírẹ́ẹ̀sì pín sí 32 láìku, malloc sì ń fúnni ní 16 nìkan. Mo fi `aligned_alloc(64, ...)` rọ́pò rẹ̀.

Ó di ìṣẹ́jú-àáyá 11.1. Kíkà jẹ́ 102,950 MiB, kíkọ 51,480. Kíkà àìmọ̀ọ́mọ̀ ti lọ, channel náà ṣì kún bákan náà, 14.6 GB. Kò yára sí i, ẹrù tó ń rù ló fúyẹ́.

Ẹ má fi àṣẹ yìí sí ibi gbogbo o. Mo dán an wò lórí array 256 KiB tó gba inú cache, ètò náà lọ́ra ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, torí ó ń lé dátà tó yẹ kó dúró nítòsí lọ sí RAM. Dátà ńlá tí a kò ní padà sí láìpẹ́ ni ó wà fún.

8. Àtúnṣe kejì: slot

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fa wáyà iná yọ, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Mo fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀. Mo tẹ ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ slot, RAM kejì fò sókè díẹ̀, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí ìka mi má kan wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ slot tèmi jẹ́ méjì méjì: dúdú, eérú, dúdú, eérú. Ìwé motherboard ní kí RAM méjì wọ inú àwọ̀ kan náà. Mo fi sí i, mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sọ nǹkan kan. Àyà mi já. Mo tún pa á, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ga ju ú lọ bí ìbú èékánná. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títí tí ìkọ́ fi dún "kẹ́". Ó tàn.

dmidecode: ChannelA-DIMM1, ChannelB-DIMM1.

Ìwọ̀n, thread mẹ́rin: ìṣẹ́jú-àáyá 5.6. Kíkà 102,800 MiB, kíkọ 51,420. 28.9 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi ìdá 85 nínú 34.1.

9. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀

Orúkọ òǹkà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo, perf list ni kí ẹ gbà gbọ́. Lórí processor Xeon ti server, ohun tí ẹ ó rí ni uncore_imc_0/cas_count_read/ àti cas_count_write, pẹ̀lú _1, _2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣàròpọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ka _0 nìkan yóò rò pé mẹ́mọ́rì ń sinmi. Tí socket (ibi tí a ń ki processor bọ̀) bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi --per-socket sí i. Lórí kọ̀ǹpútà aláfarawé, ìyẹn virtual machine, òǹkà yìí kì í sábà hàn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ka òǹkà náà fúnra rẹ̀ láìlo perf, kó mọ̀ pé bit 32 ló ní lórí irú processor tèmi. Ìlà 64 báìtì ló ń kà, nítorí náà ó kún ní 256 GiB, á sì padà sí òdo. Ní ìyára tí ètò mi fi ń kà báyìí, kò gba ìṣẹ́jú-àáyá 15. Perf ń bá wa bójú tó ìyẹn, ó ń kà á lóòrèkóòrè kó tó yí po.

Mo tún ìdánwò àkọ́kọ́ ṣe níkẹyìn, láti thread kan dé mẹ́rin: 10.1, 6.4, 5.7, 5.6. Ẹ̀kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀nà náà, ẹ̀kẹrin kò rí àyè tó pọ̀ gbà mọ́. Mo ti fi ètò náà sí thread mẹ́ta, core kẹrin ló ń ka àwòrán tó kàn wá láti dísíìkì.